Obìnrin Rábì Nínú Iṣẹ́ Àlùfáà Ológun Amẹ́ríkà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló máa ń jẹ yọ nígbàkúùgbà tí a bá mẹ́nu ba obìnrin tó jẹ́ rábì, tó tún wọ aṣọ ológun. Orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìdáhùn wọn dúró lé, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn àwọn obìnrin wọ̀nyí ti gùn jù, tó sì ṣe kedere jù.

Kí ni iṣẹ́ rábì?

Rábì ni olùkọ́ Òfin Mósè láàárín àwọn Júù. Òun ló ń ṣàlàyé Tórà àti àwọn àṣẹ tó rọ̀ mọ́ ọn, òun ló ń so tọkọtaya pọ̀, tó ń darí ìsìnkú, tó sì ń dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀sìn sọ nípa oúnjẹ, nípa ọjọ́ Ìsinmi tàbí nípa ọ̀fọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń rú ẹbọ. Iṣẹ́ ẹbọ ti dópin láti ọdún 70 tí àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù. Àlùfáà ológun tí a ń pè é jẹ́ orúkọ ipò tí ìjọba fi ń pe gbogbo ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ológun, ì báà jẹ́ pásítọ̀, fadá, ìmáàmù tàbí rábì.

Kí wá ni àlùfáà ológun ń ṣe tí rábì inú ìlú kò lè wá bá wọn ṣe?

Ọ́fíṣà ni àlùfáà ológun. Ó ń wọ aṣọ ológun, ó ń gba owó oṣù ìjọba, ó sì ń bá àwọn ọmọ ogun lọ síbikíbi tí wọ́n bá rán wọn lọ, yálà inú ọkọ̀ ojú omi, inú aginjù tàbí ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ wá. Iṣẹ́ náà ti wà láti oṣù Keje ọdún 1775, kí Amẹ́ríkà tó kéde òmìnira rẹ̀. Ó ní ipò bíi ti àwọn ọ́fíṣà yòókù, ó lè jẹ́ kápútẹ́nì, ó lè di kọ́nẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n òfin kò fún un láṣẹ láti kó ọmọ ogun lọ sójú ìjà.

Ọmọ ogun tí wọ́n rán lọ sí ọ̀nà jíjìn kò lè dìde lówùúrọ̀ kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí sínágọ́gù tó wù ú. Ìjọba tó mú un kúrò nílé kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn rẹ̀ dù ú. Lórí èyí ni gbogbo ètò náà dúró, ẹni tó bá sì gbàgbé rẹ̀ kò lè lóye ìdí tí wọ́n fi gba àwọn obìnrin wọ̀nyí wọlé.

Ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ gba òjíṣẹ́ ẹ̀sìn Júù, kí ọ̀rọ̀ tó kan obìnrin rárá?

Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ni. Òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe lọ́dún 1861 sọ pé òjíṣẹ́ Kristẹni nìkan ló lè ṣe àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kan láti Pennsylvania, tí Júù pọ̀ nínú wọn, ti yan Michael Allen láti máa darí ìsìn wọn, ṣùgbọ́n òfin yìí mú kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn Júù wá rán Arnold Fischel, òjíṣẹ́ ẹ̀sìn Júù kan, lọ bá Ààrẹ Abraham Lincoln. Wọ́n yí òfin náà padà ní oṣù Keje ọdún 1862, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n yan Jacob Frankel ti ìlú Philadelphia gẹ́gẹ́ bí àlùfáà ológun àkọ́kọ́ tó jẹ́ Júù.

Ǹjẹ́ ẹ̀sìn Júù gba obìnrin láyè láti jẹ́ rábì?

Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀sìn náà ló ní ìdáhùn tirẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé wọ́n gbọ́wọ́ lé lórí gẹ́gẹ́ bíi rábì ni Regina Jonas, ní ilẹ̀ Jámánì, ní oṣù Kejìlá ọdún 1935. Àwọn Násì kó o lọ sí àgọ́ Theresienstadt lọ́dún 1942, ó ń wàásù, ó sì ń tu àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú níbẹ̀, títí wọ́n fi gbé e lọ sí Auschwitz lọ́dún 1944, tí wọ́n sì pa á. Kò wọ aṣọ ológun rí, ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tó fi hàn pé obìnrin rábì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ikú ti yí i ká, òun ni kí á kọ́kọ́ dárúkọ.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka Reform fi Sally Priesand jẹ rábì lọ́dún 1972, ẹ̀ka Reconstructionist fi Sandy Eisenberg Sasso jẹ ẹ́ lọ́dún 1974, ẹ̀ka Conservative sì fi Amy Eilberg jẹ ẹ́ lọ́dún 1985. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn Orthodox, ìyẹn ẹ̀ka tó di òfin àtijọ́ mú jù, kò gbà á títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn díẹ̀ láàárín wọn ti ń kọ́ obìnrin ní ìmọ̀ òfin, tí wọ́n sì ń fún wọn ní oyè, láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé Sara Hurwitz lórí lọ́dún 2009.

Ta ni obìnrin rábì àkọ́kọ́ nínú ológun Amẹ́ríkà?

Bonnie Koppell ni. Ọdún 1978 ló wọ ẹ̀ka àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ tiwọn nílé, tí ìjọba sì máa ń pè nígbà tó bá nílò wọn. Kò tíì di rábì nígbà náà. Ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn rábì Reconstructionist ní Philadelphia, ó sì wọ ológun lábẹ́ ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di àlùfáà. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí lọ́dún 1981.

Ó yẹ kí á wo ọdún 1978 yẹn dáadáa. Ọdún mẹ́fà péré ló ti kọjá tí Priesand di rábì, ọ̀pọ̀ sínágọ́gù ni kò sì tíì ṣe tán láti gba obìnrin síwájú ìjọ. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn obìnrin ká, tí wọ́n da obìnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Obìnrin Kristẹni sì ti ṣáájú nínú iṣẹ́ àlùfáà ológun: Dianna Pohlman nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi lọ́dún 1973, àti Alice Henderson nínú ti orí ilẹ̀ lọ́dún 1974. Ológun, tí a mọ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yí padà, ti ṣílẹ̀kùn fún obìnrin rábì kí ọ̀pọ̀ ìjọ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ ni pé rábì ṣọ̀wọ́n nínú ológun. Ibi tí àìní bá ti pọ̀, ẹnu àtakò kì í pẹ́ kó tó pa mọ́.

Koppell lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nínú iṣẹ́ náà, ó di kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó sì lọ sí Ìráàkì àti Afghanistan láti darí ìsìn ọdún fún àwọn Júù tó wà lójú ogun, nígbà tó tún ń ṣe rábì ìjọ ní ìpínlẹ̀ Arizona.

Àwọn wo ló tẹ̀ lé e?

Julie Schwartz wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní àárín àwọn ọdún 1980. Chana Timoner wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ lọ́dún 1993, òun sì ni obìnrin rábì àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, láìsí pé ó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn; ó kú lọ́dún 1998. Sarah Schechter ni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ló sì mú un pinnu láti wọ iṣẹ́ ológun.

Kí ni obìnrin kan gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó gbà á?

Ohun kan náà tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin ni. Ó gbọ́dọ̀ ní oyè yunifásítì, kí ó sì parí ẹ̀kọ́ rábì lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó máa ń gba nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú àyẹ̀wò ara, kí ọjọ́ orí rẹ̀ má sì kọjá ohun tí ẹgbẹ́ ológun náà là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò lọ kọ́ṣẹ́. Ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà ní Fort Jackson, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Rábì, pásítọ̀, fadá àti ìmáàmù ni wọ́n jọ ń jókòó sínú kíláàsì kan.

Èyí tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwé ìfọwọ́sí láti ọ̀dọ̀ àjọ ẹ̀sìn tí ìjọba mọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà kò lè dá pinnu ẹni tó jẹ́ rábì tòótọ́, nítorí òfin ilẹ̀ náà kò jẹ́ kó dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn. Àjọ ẹ̀sìn ló ń sọ pé, "Ẹni wa ni èyí, a sì fọwọ́ sí i." Bí àjọ náà bá fa ìwé yẹn yọ lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ àlùfáà ológun ẹni náà parí nìyẹn.

Ṣé ó máa ń gbé ìbọn?

Rárá. Àdéhùn Geneva kà á sí ẹni tí kì í jagun, òfin ológun Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò sì gbà kí àlùfáà gbé ohun ìjà. Ọmọ ogun kan ló máa ń bá a rìn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, ẹni yẹn ló sì ń gbé ìbọn láti dáàbò bò ó. Olùrànlọ́wọ́ yìí lè má jẹ́ Júù rárá.

Irú àmì wo ló máa ń wà lára aṣọ rẹ̀?

Àmì àwọn rábì ológun ni wàláà méjì tó dúró fún Òfin Mẹ́wàá, pẹ̀lú Ìràwọ̀ Dáfídì lórí wọn. Tọkùnrin tobìnrin ló ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ fìlà ti fa ẹjọ́ rí. Simcha Goldman, rábì kan tó ń ṣiṣẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, fẹ́ máa dé fìlà kékeré tí àwọn Júù ń dé, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá a lẹ́bi lọ́dún 1986 pẹ̀lú adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin lọ́dún tó tẹ̀ lé e láti fàyè gba aṣọ ẹ̀sìn tó bá mọ́ tónítóní tí kò sì dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin rábì tó ń dé fìlà náà ń jẹ àǹfààní òfin yìí, torí pé nínú àwọn ẹ̀ka tó gba obìnrin ní rábì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń dé e, tí wọ́n sì máa ń da ìborùn àdúrà bora.

Ọmọ wa jẹ́ Kristẹni (tàbí Mùsùlùmí), ó sì wà nínú ológun Amẹ́ríkà. Wọ́n ní obìnrin rábì ni àlùfáà tó wà ní bárékè rẹ̀. Ṣé ó lè lọ bá a?

Bẹ́ẹ̀ ni, láìsí ìbẹ̀rù kankan. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí ọmọ wọn wọ ológun níbẹ̀. Àlùfáà gbogbo ọmọ ogun tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ni àlùfáà ológun, kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn tirẹ̀ nìkan. Nítorí pé Júù kéré nínú ológun, àwọn tí kì í ṣe Júù ló pọ̀ jù nínú àwọn tí rábì ológun ń gbà ní àlejò lójoojúmọ́: ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ kọ̀ ọ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú nílé tí kò rí ọ̀nà lọ sìnkú, ẹni tí oorun kò kùn mọ́ láti ìgbà tó ti dé láti ojú ogun.

Kò ní fi ẹ̀sìn tirẹ̀ lọ̀ ọ́, kò sì ní darí ìsìn Kristẹni tàbí ti Mùsùlùmí. Bí ọmọ yín bá fẹ́ gba Oúnjẹ Olúwa tàbí kí ó kí ìrun Jímọ̀, ojúṣe rábì náà ni láti wá ẹni tó tọ́ fún un, kí ó sì rí i pé àyè àti àkókò wà. Ọdún 1993 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ yan ìmáàmù àkọ́kọ́, Abdul-Rasheed Muhammad, ọdún kan náà tí Timoner wọlé.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo wọn ni ti ọkọ̀ ojú omi Dorchester, tó ń kó ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tí àwọn ará Jámánì rì lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1943. Àlùfáà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, rábì Alexander Goode wà lára wọn. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi kúrò lára wọn fún àwọn tí kò ní, wọn kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá ọkọ̀ náà lọ.

Bí ọmọ ogun bá sọ àṣírí fún un, ṣé ọ̀gá ológun lè fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá sọ fún àlùfáà ológun gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí ọ̀rọ̀ ọkàn, ẹnu ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló lè tú u jáde, òfin ẹ̀rí nínú ilé-ẹjọ́ ológun sì dáàbò bò ó. Òfin náà kan olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà ológun tàbí onímọ̀ nípa ọpọlọ kò ní irú ààbò tó nípọn tó èyí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe onísìn rárá fi máa ń kan ilẹ̀kùn àlùfáà.

Ibí yìí ni mo ti gbà pé wíwà tí obìnrin wà nínú iṣẹ́ náà ń gba ẹ̀mí là. Obìnrin ọmọ ogun tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ fipá bá lò pọ̀ lè má fẹ́ kí ọkùnrin kankan ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́. Bí gbogbo àlùfáà tó wà ní àgọ́ náà bá jẹ́ ọkùnrin, ó lè di ẹrù náà mọ́ra láìsọ ọ́.

Báwo ló ṣe ń pa ọjọ́ Ìsinmi àti òfin oúnjẹ mọ́ lójú ogun?

Ìjọba ń pèsè oúnjẹ inú àpò tí a sè ní ìlànà àwọn Júù, a sì máa ń fi búrẹ́dì aláìwú àti wáìnì ránṣẹ́ nígbà Ìrékọjá. Ní ti ọjọ́ Ìsinmi, ìlànà àtijọ́ wà nínú òfin Júù pé gbígba ẹ̀mí là borí Ìsinmi. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá gbé ẹni tó gbọgbẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, rábì yóò dìde.

Bí ọmọ ogun Orthodox kò bá gba obìnrin ní rábì ńkọ́?

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti má gbà á, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú un gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣòro tó le níbẹ̀ ni ti iye èèyàn. Àwọn àdúrà kan kò ṣeé gbà àyàfi tí Júù mẹ́wàá tó ti dàgbà bá péjọ. Lójú àwọn Orthodox, ọkùnrin nìkan la lè kà mọ́ mẹ́wàá yìí. Àwọn Reform àti Reconstructionist ń ka obìnrin, àwọn Conservative sì fàyè gbà á láti ọdún 1973. Ní àgọ́ tí Júù kò ju mọ́kànlá lọ, tí obìnrin mẹ́ta sì wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé mọ́. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ lè fẹ́ gba àdúrà òkú, kí iye wọn má sì pé lójú rẹ̀.

Rábì obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a jà. Yóò wá Orthodox mìíràn káàkiri àwọn àgọ́ tó wà nítòsí, yóò pèsè ìwé àdúrà tí ọmọ ogun náà mọ̀, yóò jẹ́ kí ẹlòmíràn darí àdúrà náà, òun yóò sì wà níbẹ̀ fún àwọn ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú, bí ẹ̀kọ́ Tórà, oúnjẹ, ìbẹ̀wò aláìsàn àti bíbá ọ̀gá sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè fún ọmọ ogun náà láyè lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan rí fífi àyè sílẹ̀ báyìí gẹ́gẹ́ bí ìtìjú fún obìnrin náà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nítorí ọmọ ogun náà, ẹ̀rí ọkàn ọmọ ogun náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ṣé àwọn rábì fúnra wọn kò jà lórí ọ̀rọ̀ yìí?

Wọ́n jà gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ àjọ Jewish Welfare Board, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1917, ló ń fọwọ́ sí gbogbo rábì ológun, àwọn Orthodox, Conservative àti Reform sì jọ jókòó nínú rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí Reform fẹ́ fọwọ́ sí obìnrin, àwọn Orthodox ní àwọn kò lè bá wọn fọwọ́ sí i. Wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká, wọ́n sì tún un tò lọ́nà tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yóò fi máa fọwọ́ sí rábì tirẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀ka kejì ń jẹ́rìí sí i.

Ṣé ó bófin mu kí ìjọba máa san owó oṣù fún òjíṣẹ́ ẹ̀sìn?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin méjì gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ó lòdì sí yíya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá ẹjọ́ náà, Katcoff v. Marsh, lọ́dún 1985, ó sì fi ètò náà sílẹ̀, nítorí pé láìsí i, ọmọ ogun tó wà lókè òkun kò ní lè lo òmìnira ẹ̀sìn tí òfin fún un.

Ǹjẹ́ obìnrin rábì wà nínú ológun Ísírẹ́lì tàbí ti Nàìjíríà?

Ní Ísírẹ́lì, obìnrin ń ṣe iṣẹ́ ológun ní dandan, ṣùgbọ́n àwọn Orthodox ló ń darí ẹ̀ka rábì ológun láti ìgbà Shlomo Goren, ẹni tó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀, wọn kò sì gba obìnrin ní rábì níbẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ti Kátólíìkì, ti Pùròtẹ́sítáǹtì àti ti Ìsìláàmù ló wà nínú ológun. Kò sí ti Júù.

Ṣé iṣẹ́ rábì àti iṣẹ́ ogun kò tako ara wọn?

Tórà fúnra rẹ̀ kò ya àlùfáà sọ́tọ̀ kúrò lójú ogun. Nínú Diutarónómì orí 20, àlùfáà ló ń jáde síwájú àwọn ọmọ ogun láti sọ fún wọn kí wọ́n má bẹ̀rù. Lẹ́yìn tirẹ̀, àwọn ìjòyè yóò ní kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun tí kò tíì gbé inú rẹ̀ padà sílé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbin ọgbà àjàrà tí kò tíì jẹ nínú èso rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ìyàwó sọ́nà tí kò tíì gbé e sílé, àti ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Ìwé tó pàṣẹ ogun náà ló sì ka ẹni tí kò lè jà sí.

Ohun tó jọ èyí ṣì wà nínú iṣẹ́ náà lónìí. Bí ọmọ ogun orí ilẹ̀ bá sọ pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gba òun láyè láti jagun mọ́, òfin ní kí àlùfáà ológun fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí wọ́n tó ṣèpinnu. Rábì obìnrin lè jẹ́ ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí rán. Yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ogun náà, yóò sì kọ̀wé nípa ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti wá, bó ṣe jinlẹ̀ tó, àti bóyá tọkàntọkàn ló fi ń sọ̀rọ̀. Òfin kò ní kí ó sọ pé kí wọ́n dá ẹni náà sílẹ̀ tàbí kí wọ́n má dá a sílẹ̀. Àwọn mìíràn ló ni ìpinnu yẹn.